Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Tó Wà Nínú Àwo Kúsíkúsì Kan

Ìtàn oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, nítorí láti ibi ẹ̀ṣẹ̀ náà ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ bí tábìlì oúnjẹ ṣe máa ń rí níbi àpèjọ ẹgbẹ́ wa: iyán, ẹ̀fọ́ rírò, jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, àkàrà, dòdò. Ní àpèjọ tó kọjá, ìyá ọlọ́mọ kan, ọ̀dọ́ tí wọ́n bí síhìn-ín, gbé abọ́ ńlá kan wá. Kúsíkúsì ló wà nínú rẹ̀, wóró wóró bíi gàrí. Ó da elégédé yíyan sínú rẹ̀, tó pọ́n bí epo tuntun, ó sì fi oríṣiríṣi èso gbígbẹ àti ewé tútù ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó dùn ún wò. Èmi tí mo dúró nídìí tábìlì ni mo la ẹnu pé, "Oúnjẹ àwọn wo tún nìyí? Ṣé a ti wá di Lárúbáwá ni?" Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Arábìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a ń túká, mo rí i tó ń dé abọ́ náà padà. Oúnjẹ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín rárá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tí ì ju ọmọ ọdún méje lọ, bi í ní Yorùbá tó já geere pé, "Mọ́mì, ṣé wọn ò fẹ́ràn oúnjẹ wa ni?"

Oúnjẹ wa! Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo sì wọ́ ọ lórí. Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé láti mọ ẹni tó ni oúnjẹ inú abọ́ yẹn. Ohun tí mo rí ni mo kó wá síwájú yín yìí.

ỌKÀ TÓ LA AṢÁLẸ̀ KỌJÁ

Àwọn Amazigh ti àríwá Áfíríkà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Berber, ni ayé mọ̀ mọ kúsíkúsì jù lọ. Wọ́n á wọ́n omi sí àlìkámà lílọ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ yí i títí yóò fi di wóró wóró, wọ́n á sì jọ̀ ọ́ nínú asẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dà á sínú ìkòkò oníhò tí wọ́n gbé ka orí ìkòkò ọbẹ̀, kí ooru ọbẹ̀ náà lè sè é jinná. Àwọn ìyá wa tó mọ ajere yóò mọ irú ìkòkò tí mò ń wí. Láti ọ̀rúndún kẹtàlá ni bí a ṣe ń sè é ti wà nínú ìwé oúnjẹ tí wọ́n kọ ní èdè Lárúbáwá. Ní ọdún 2020, àjọ UNESCO kọ orúkọ kúsíkúsì sínú ìwé àṣà àjogúnbá gbogbo ayé, lórúkọ Àlùjéríà, Mòrókò, Mauritania àti Tùnísíà.

Bí ó bá mọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà. Àmọ́ kò mọ síbẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ibn Battuta, ọmọ ìlú Tangier ní Mòrókò, arìnrìn-àjò tó rin ayé já. Ní ọdún 1352, ó gbéra láti Sijilmasa, ìlú tí dàbínù pọ̀ sí bí nǹkan mìíràn. Òun àti àwọn oníṣòwò ràkúnmí la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá fún nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n dé Walata, tó jẹ́ ẹnubodè ilẹ̀ ọba Máálì nígbà náà. Wọ́n ṣe é lálejò níbẹ̀. Wọ́n fi wàrà àti oyin díẹ̀ po jéró lílọ̀, wọ́n sì gbé e wá nínú ààbọ̀ igbá, ohun tó jọ fúrà tí àwọn Fúlàní ń ta. Ibn Battuta wò ó, ó ní ṣé nítorí èyí ni wọ́n ṣe pe àwọn ni? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ìṣeniládùn ńlá nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn ará ibẹ̀. Ó bínú débi pé ó fẹ́ ti ibẹ̀ padà sílé.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo ka ibẹ̀ tán, mo pa ìwé náà dé. Mo ti rí ara mi nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò padà. Bí ó ti ń lọ láti Walata sí olú ìlú Máálì, ó rí àwọn obìnrin ní àwọn abúlé tí wọ́n ń ta jéró, wàrà, adìyẹ, ìrẹsì àti ìyẹ̀fun ẹ̀wà. Wọ́n tún ń ta ọkà kan tó kéré bíi hóró músítádì, èyí tí à ń pè ní fonio. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé fonio yìí ni wọ́n fi ń ṣe kúsíkúsì, ó tilẹ̀ ní ó bá àwọn aláwọ̀ funfun lára mu ju ìrẹsì lọ. Ó kọ nípa igbá pẹ̀lú, pé wọ́n ń là á sí méjì láti fi ṣe abọ́, wọ́n sì ń fín ọnà dáadáa sí i lára. Ta ni yóò gbọ́ èyí nínú wa tí kò ní í rántí igbá fínfín Ọ̀yọ́?

Fonio kì í ṣe ọkà àjèjì. Ilẹ̀ àwa adúláwọ̀ ló ti hù. Òun ni àwọn Haúsá ń pè ní acha, tí wọ́n ń gbìn ní òkè Jos. Wọ́n ń gbìn ín ní àgbègbè Atacora ní àríwá Bẹ̀nẹ̀, àti ní Fouta Djallon ní Gínì. Ó ti lé ní 650 ọdún tí ẹni tó mọ kúsíkúsì láti kékeré ti rí i lọ́dọ̀ àwọn adúláwọ̀, tó sì pè é ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sún mọ́ ilé sí i. Ní àríwá Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, oúnjẹ kan wà tó ń jẹ́ wasa-wasa. Èlùbọ́ iṣu ni wọ́n fi ń ṣe é. Dípò kí wọ́n rò ó ní àmàlà bíi tiwa, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á yí i di wóró wóró, wọ́n á sì fi ooru omi gbígbóná sè é. Kúsíkúsì èlùbọ́ ni! Ẹ wo gàrí náà: a óò rin ẹ̀gẹ́, a óò jẹ́ kó kan, a óò fún omi rẹ̀, a óò jọ̀ ọ́, a óò yan án. Àwọn ará Ivory Coast a máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tiwọn, àmọ́ níbi tí àwa ti ń yan án, ooru ni wọ́n fi ń sè é. Òun ni wọ́n ń pè ní attiéké, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2024. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀.

Ẹ̀rí mìíràn wà lẹ́nu wa. Bí a bá pe àlùbọ́sà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni a pè, tó gba ẹnu Haúsá dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlìkámà rí. Láti ẹnu Haúsá ni jéró àti dàbínù ti wá. Bí ràkúnmí ṣe ń kó dàbínù àti iyọ̀ bọ̀ láti òkè, bẹ́ẹ̀ ni obì ń ti ilẹ̀ igbó gòkè lọ. Àwọn tó dàgbà sí Sábó ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1916 fún àwọn Haúsá oníṣòwò, kò nílò kí a tún ṣàlàyé èyí fún wọn.

ELÉGÉDÉ ÀTI ÀWỌN ONÍLẸ̀

Ó wá ku elégédé. Ohun tiwa ni mo pè é ní tèmi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi máa ń gbìn ín sáàárín ebè iṣu, a máa ń fi gbọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ se ọbẹ̀, a sì máa ń se èso rẹ̀ jẹ nígbà tí iṣu bá wọ́n. Ó yà mí lẹ́nu láti kà pé òdìkejì òkun ni elégédé ti wá. Hóró rẹ̀ tí wọ́n hú jáde nínú ihò àpáta kan ní Oaxaca ní Mẹ́síkò ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún. Igbá ni tiwa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lẹ́yìn tí Columbus dé Amẹ́ríkà ní 1492, tí ọkọ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, tó ń bọ̀, ni elégédé tó dé èbúté wa.

Kì í ṣe òun nìkan ló dé. Àgbàdo dé, ẹ̀gẹ́ dé, ẹ̀pà dé, ata dé, tòmátì dé, ànàmọ́, ìbẹ́pẹ, kaṣú àti kòkó, láti Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá. Ẹ ronú sí i ná. Bí a bá ní kí a yọ gbogbo ohun tó ti òkèèrè wá kúrò lórí tábìlì àpèjọ wa, ata àti tòmátì yóò kúrò nínú ọbẹ̀, kò sí ẹ̀kọ, kò sí gàrí, kò sí ẹ̀bà. Dòdò pàápàá yóò lọ, nítorí láti Éṣíà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wá. Iṣu, ẹ̀wà, ilá, ẹ̀gúsí àti epo pupa yóò ṣẹ́kù, a óò sì jẹun yó. Àmọ́ kò sí ẹni tí yóò mọ jọ̀lọ́ọ̀fù.

Irú ọkọ̀ kan náà tó gbé àwọn ohun ọ̀gbìn yìí wá ló kó àwọn ènìyàn wa lọ. A kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn. Àwọn Pọtogí tó mọ kúsíkúsì láti ìhà Mòrókò gbé e dé Bùràsíìlì. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é níbẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní cuscuz. Títí di òní, oúnjẹ àárọ̀ ni ní àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì, níbi tí Bahia wà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń din àkàrà lójú pópó. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà wá sílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n wà lára àwọn tó mú kí ọgbọ́n gàrí ṣíṣe tàn kálẹ̀ ní etí òkun wa. Oúnjẹ lọ, oúnjẹ bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ibi tí a wà yìí. Ilẹ̀ tí à ń gbé kì í ṣe ilẹ̀ tí kò ní olóko tẹ́lẹ̀. Ní Whitchurch-Stouffville, ní àríwá ìlà-oòrùn Tòróńtò, láàárín ọdún 2003 sí 2005, wọ́n hú ìlú kan jáde tí àwọn Wendat kọ́. Ilé gígùn tó wà níbẹ̀ lé ní 90, àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì tó 1,500 sí 2,000. Lẹ́bàá odò Humber, ní ibi tí à ń pè ní Baby Point lónìí, àwọn Seneca ní ìlú kan ní àwọn ọdún 1670 tó ń jẹ́ Teiaiagon. Àgbẹ̀ ni gbogbo wọn. Ohun mẹ́ta ni àwọn Wendat àti Haudenosaunee ń gbìn pọ̀: àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé. Arábìnrin Mẹ́ta ni àwọn Haudenosaunee ń pè wọ́n. Àgbàdo á dúró, ẹ̀wà á gùn ún, á sì fún ilẹ̀ lókun. Elégédé á tẹ́ ewé rẹ̀ bo ilẹ̀ kí koríko má baà hù. Àwọn obìnrin ló ń ṣe oko náà. Nígbà tí ìgbà òtútù bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á gé elégédé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi kọ́ kó gbẹ, bí àwọn ìyá wa ṣe ń sá ilá di òrúnlá. Champlain, ará Faransé tó lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ àwọn Wendat ní 1615, kọ nípa elégédé wọn. Ọ̀rọ̀ squash tí àwọn ọmọ wa ń pè pàápàá, èdè àwọn Narragansett, onílẹ̀ ibi tó di Rhode Island lónìí, ni wọ́n ti mú un.

Cranberry pupa tó wà nínú abọ́ náà, àwọn onílẹ̀ ló kọ́kọ́ ń já a nínú irà, tí wọ́n ń sá a gbẹ. Wọ́n ṣì ń gbìn ín ní Bala ní Muskoka, níhìn-ín ní Ontario. Àlìkámà líle tí a fi ń ṣe kúsíkúsì ńkọ́? Kánádà wà lára àwọn tó ń tà á jù lọ fún ayé. Saskatchewan ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, Àlùjéríà àti Mòrókò sì wà lára àwọn tó ń rà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkà Kánádà ni ìyá kan ń fi ọwọ́ yí ní Algiers lónìí, nígbà tí àwa níbí ń pè é ní oúnjẹ Lárúbáwá.

KÍ LÓ SỌ OÚNJẸ DI TIWA?

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju iyán nù o. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ, ọmọ tí kò sì mọ adùn ẹ̀fọ́ rírò ti pàdánù. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn baba wa kò fi ìbí mọ oúnjẹ. Bí ohun àjèjì bá dé, wọ́n á gbìn ín, wọ́n á sè é bó ṣe bá wọn lẹ́nu mu, wọ́n á sì sọ ọ́ lórúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n wo ilé, wọ́n pe àgbàdo ní àgbàdo, wọ́n pe ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀gẹ́. Lónìí, kò sẹ́ni tó rántí pé àlejò ni wọ́n.

Mo pe arábìnrin náà lórí fóònù, mo sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan kan." Mo bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Ó ní ọwọ́ ìyá òun ni. Ìgbà òtútù ni màmá rẹ̀ dé Tòróńtò ní àwọn ọdún 1980. Kò rí iṣu rà, kò gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀pọ̀ nǹkan, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó rí elégédé tí wọ́n tò jọ ní ọjà Kensington. Ó ní ohun kan ṣoṣo nìyẹn nínú ọjà náà tí òun mọ orúkọ rẹ̀. Ó rà á. Obìnrin ará Mòrókò kan tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà fún un ní kúsíkúsì láti fi jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sè é nínú ẹbí wọn ní gbogbo ìgbà tí ewé bá ń rẹ̀. Màmá náà ti di olóògbé. Oúnjẹ wa, ọmọ náà kò parọ́.

BÍ A ṢE Ń SÈ É

Arábìnrin náà gbà kí n kọ ọ́ síhìn-ín. Ẹ wá elégédé kan tó tó kílò kan, butternut dára. Ẹ bẹ ẹ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹ ṣe ń gé iṣu àsáró, ṣùgbọ́n kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi òróró, iyọ̀ àti ata gígún díẹ̀ pa á lára, ẹ yan án nínú ófùnù tó gbóná dé 200 ní ìwọ̀n Celsius fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, títí etí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Ẹ má da hóró rẹ̀ nù, ẹ yan án bí ẹ̀pà.

Ẹ da ife kúsíkúsì méjì sínú abọ́, ẹ fi iyọ̀ àti òróró síbí kan sí i, ẹ da ife omi híhó méjì lé e lórí, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ti fi ooru sè é, wọ́n sì ti sá a gbẹ kó tó dé ilé ìtajà, ìdí nìyẹn tó fi ń yá. Ẹ fi fọ́ọ̀kì tú u. Ẹ rẹ ààbọ̀ ife cranberry gbígbẹ, àti dàbínù mẹ́fà tí ẹ ti gé, sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sì sẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ní èso àjàrà gbígbẹ, ó dára pẹ̀lú. Ẹ gé tàtàṣé kan àti àlùbọ́sà eléwé. Nígbà tí kúsíkúsì bá ti tutù, ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù kan lé e, ẹ fi kaṣú yíyan àti hóró elégédé wọ́n ọn. Elégédé ni kí ẹ fi sí i kẹ́yìn, kí ó má baà fọ́. Ẹni tí àlìkámà kò bá lára mu lè fi fonio ṣe é. Ooru ni kí ó fi sè é.

Arábìnrin náà ti ṣèlérí pé òun yóò tún gbé e wá sí àpèjọ wa tó ń bọ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ bù níbẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, nítorí ojú gbogbo ènìyàn náà ni mo ti sọ̀rọ̀ tí kò yẹ. Igbá fínfín kan wà tí mo fi kọ́ ara ògiri ilé mi láti ọjọ́ yìí wá. Mo ti sọ ọ́ kalẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́. Òun ni màá gbé wá.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí a fojú rí ara wa láyọ̀. Ire o.